Fìlà Pupa Inú Tẹlifíṣàn Bàbá Onílé

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Agbowó, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, ti Bàbá Onílé sì ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú rẹ̀: àpótí igi ńlá tó ní ẹsẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn, tó sì ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n da aṣọ funfun bò lórí, tí wọ́n wá gbé òdòdó oníke lé aṣọ náà. Dúdú àti funfun ni àwòrán inú rẹ̀. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe dúdú, kì í ṣe funfun, ó kàn rí bí èéfín ààrò ni, a ó sì máa wo àwọn tó ń rìn nínú èéfín náà títí ẹnì kan á fi jáde lọ yí eriali lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ṣí i fún àwa ọmọdé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, iṣẹ́ nìkan ló wà: ká fọ aṣọ iléèwé, ká fi eérú ha ìdí ìkòkò, ká gbá àgbàlá, ká pọn omi ẹ̀rọ kún dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá ṣe tirẹ̀ tán, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì gbàdúrà rẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Bàbá Onílé á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wọn, wọn á máa yẹ ẹsẹ̀ wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á ní kápẹ́ẹ̀tì àwọn kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Múfú, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì iwájú ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló máa ń fọ̀, òun náà ló sì máa ń nà síwájú. Gbogbo Sátidé ló ń rí ọ̀nà wọlé.

Kàtúùn ni eré náà. A ò mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ Jàpáànù ló ti wá. Ohunkóhun tó bá ti sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú tẹlifíṣàn, ìlú òyìnbó la gbà pé ó ti wá. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ tóbi gan-an, a sì sọ ọ́ ní Ojúńlá. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bọ̀dá Onífìlà, jọ ń gbé nínú ilé kékeré kan lórí òkè létí òkun. Ọkùnrin burúkú kan wà tí à ń pè ní Onírùngbọ̀n, tó fẹ́ jí gbogbo afẹ́fẹ́ ayé kó sínú àpò. Ojúńlá wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń fò, ó ń lé e kiri. Eré náà gùn jọjọ. Ìgbà òjò ló bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ dé bá a níbẹ̀, òjò mìíràn tún dé bá a.

Gẹ̀ẹ́sì wọn ló ń dà wá láàmú, nítorí imú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àǹtí Sìkírá ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Dùgbẹ̀, yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Wọn á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ẹ̀pà yíyan nínú ìṣẹ́po aṣọ wọn, wọn á máa jẹ, wọn á máa túmọ̀. Lẹ́nu Àǹtí Sìkírá, Ojúńlá kì í ṣe ọmọ àjèjì mọ́. Kì í ré àgbà kọjá láìkí i. Bí inú bá bí i sí Onírùngbọ̀n, á ní, “Ẹ̀yin àgbàyà yìí, ẹ ò tilẹ̀ tijú!” Inú wa á dùn débi pé Bàbá Onílé á fi igi na ilẹ̀ kí a tó dákẹ́.

Kò pẹ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ni ìjì kan jà lójú òkun. Bọ̀dá Onífìlà wọ ọkọ̀ lọ gba àwọn apẹja là. Nígbà tí omi rọlẹ̀, fìlà rẹ̀ nìkan la rí tó ń léfòó bọ̀ wá sí èbúté. Ojúńlá fi ọwọ́ bojú. Gbogbo wa yíjú sí Àǹtí Sìkírá. Wọ́n dá ẹ̀pà jíjẹ dúró, wọ́n wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá sọ pé, “Ó rìnrìn àjò ni. Fìlà rẹ̀ ló já bọ́, fìlà pupa yẹn. Ó ń bọ̀ wá mú un.”

Mi ò bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé pupa ni. Ọkàn mi ti fò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Bọ̀dá tèmi náà ní fìlà pupa. Bọ̀dá Délé ni àkọ́bí àwọn òbí wa, mo sì jẹ́ àbíkẹ́yìn. Wọ́n máa ń dé fìlà onírun pupa kan, ìbáà jẹ́ nínú oòrùn, wọn á gbé mi kọ́ èjìká, ó di ẹnu ọ̀nà yunifásítì ká lọ ra gúgúrú. Láti orí èjìká yẹn, mo máa ń rí orí gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan, ara wọn gbóná. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì mú èmi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo padà dé, bẹ́ẹ̀dì wọn ò sí mọ́, fọ́tò wọn ò sí lára ògiri mọ́. Màmá ní wọ́n ti lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ọmọdé nìyẹn, gbogbo ilé sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn yóò máa sọ fún mi. Mo gbà á gbọ́ pátápátá, mo sì ń retí.

Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Sìkírá ní Bọ̀dá Onífìlà ń bọ̀, mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Mo ní ọjọ́ tí ti inú tẹlifíṣàn bá dé, tèmi náà á dé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àárín ọ̀sẹ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń dúró, ìgbálẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi, màá máa wo ojú ọ̀run ní ìhà Òjóò bóyá ọkọ̀ kan ń fò bọ̀. Oòrùn àárọ̀ á kun páànù gbogbo ilé ní àwọ̀ ọsàn, èéfín àkàrà á máa gòkè, ó sì máa ń ṣe mí bí ẹni pé Bọ̀dá Délé ò jìnnà.

Gbogbo wa la ní ohun tí à ń retí nínú ìparí eré náà. Ọkùnrin kan wà tó máa ń bo ojú, tó máa ń yọ sí Ojúńlá nígbà ìṣòro, tí kì í sọ̀rọ̀. Múfú fi ìyá rẹ̀ búra pé Bọ̀dá Onífìlà nìyẹn. Ó ní ẹ wo èjìká rẹ̀. Àwọn kan ní rárá, inú àpò Onírùngbọ̀n ni Bọ̀dá wà pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ìjà yìí le débi pé àwọn kan ò bá ara wọn ta ayò mọ́. Èmi wà lẹ́yìn Múfú, mo sì fún un ní ìdajì dùndú mi nítorí pé ó mọ èjìká.

Sátidé ìkẹyìn dé. Mo fọ ẹsẹ̀ mi títí awọ fi ń pọ́n. Wọ́n ṣẹ́gun Onírùngbọ̀n, afẹ́fẹ́ tú jáde, gbogbo igi inú tẹlifíṣàn ń mì. Ọkùnrin abojú wá dúró níwájú Ojúńlá, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣí ojú. Ọkùnrin arúgbó kan ni, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí. Múfú ní, “Irọ́ ni!” Ojúńlá padà sílé lórí òkè. Ó mú fìlà náà, ó rìn lọ síbi òkúta kan tó dá dúró nínú koríko, ó fi fìlà náà dé òkúta, ó kúnlẹ̀. Orin ìparí bẹ̀rẹ̀.

A yíjú sí Àǹtí Sìkírá. Múfú ní, “Àǹtí, kí ló sọ? Òkúta kí nìyẹn?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òjò tó kọjá, wọn ò túmọ̀. Ẹ̀pà wà lọ́wọ́ wọn. Omi ti kún ojú wọn, èmi ni wọ́n sì ń wò.

Mo dìde. Mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń din dùndú lórí sítóòfù. Mo ní, “Màmá, ṣé Bọ̀dá Délé ò ní í dé mọ́?” Wọ́n pa sítóòfù, wọ́n fà mí mọ́ra, òórùn òróró wà lára ìró wọn. Wọ́n ní, “Délé ò ní í wálé mọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi.” Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Wọn ò sunkún lójú mi rí ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó sì tù mí lára pé a jọ ń sun ún. Láti ọjọ́ náà la tún ti ń dárúkọ bọ̀dá mi nínú ilé.

Lónìí, Tómi ọmọ mi náà ń wo kàtúùn Jàpáànù, lórí fóònù, nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kí èyí tó ń wò tó parí, ó ti kà lórí fóònù nípa ẹni tó máa kú. Síbẹ̀ nígbà tí ó parí, ọmọ náà bínú, kò jẹun, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀ rí jà lórí fóònù pé àwọn tó ṣe eré náà ba ìparí rẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo lóye rẹ̀ jù nínú ilé. Mo sọ ti Ojúńlá fún un, ó tẹ fóònù díẹ̀, ó sì rí eré náà fún mi.

Àwọ̀ pé sára rẹ̀. Òkun dára, koríko dára. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ketekete báyìí, kò sì sí ìrìn àjò kankan nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ ìjì yẹn ni wọ́n ti sọ pé ọmọkùnrin náà kú. Fìlà rẹ̀ sì léfòó bọ̀ wá sí èbúté, ó jẹ́ búlúù.

Mo pe Àǹtí Sìkírá ní Òjóò, tí wọ́n ti di Àlàájà, tí ọmọ-ọmọ kún ilé wọn. Mo ní, “Àǹtí, búlúù ni fìlà yẹn o.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ lo rí búlúù. Èmi mọ ẹni tó ni fìlà tí mò ń sọ. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni eré yẹn wà ni, Àbẹ̀kẹ́, ǹ bá jẹ́ kó dé.”

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí ju ohun tí àwa rí lọ, mi ò sì ní kí wọ́n padà sínú èéfín ààrò wa. Gbogbo àwọ̀ ló pé fún wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà ní kíkọ sísàlẹ̀ àwòrán. Àwa ní Àǹtí Sìkírá. Mo bi Tómi bóyá fóònù náà lè pa àwọ̀ rẹ́, ó ní ó lè ṣe é. A tún ìparí rẹ̀ wò ní dúdú àti funfun, èmi àti òun, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ojúńlá gun òkè, ó fi fìlà dé òkúta. Mo wò ó dáadáa. Pupa ni.