Kíátékà Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Wa

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Onílé ni. Títí ó fi lé ní àádọ́ta ọdún, ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan, ó ń gbé fáìlì láti orí tábìlì dé orí tábìlì, kò sì sí ẹni tó pè é lórúkọ kan ju “wò ó, wá gbé èyí” lọ. Nígbà tí ọ́fíìsì náà kógbá sílé, ó di ẹni tó ń jókòó káàkiri ojúde onílé. Ibẹ̀ ló wà tí bàbá onílé wa fi kú, tí àwọn ọmọ bàbá tó wà lókè òkun fi pè é lórí fóònù pé, “Bùrọ̀dá, ẹ kó wá sílé. Ẹ̀yin ni kíátékà wa.”

Wọn ò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ni wọ́n sọ, wọ́n rò pé ó ti kárí gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn: ilé, ayálégbé, àti ìyá wọn tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, tí orúnkún ò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe nígbà tó dé ni pé ó bu nínú ọ̀dà funfun tí a tọ́jú pamọ́ fún ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi kọ KÍÁTÉKÀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì. Bó bá ń bọ̀, a ó ti gbọ́ ọ láti òkèèrè, ṣaworo ṣaworo, bíi pé ààfin ló ń ṣí. Ìdajì àwọn kọ́kọ́rọ́ yẹn, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí ti di igi ìdáná tipẹ́.

Àǹtí Aránṣọ, tó ń gbé yàrá iwájú lókè, ní irọ́ wà nínú orúkọ yẹn. “Kò sí ohun tó jọ kíá lára ọkùnrin yìí,” ló wí, “àfi tí oúnjẹ ẹlòmíràn bá jinná.”

Ọgbọ́n kan ló ní, ọgbọ́n yẹn náà ló sì fi gbé gbogbo ọdún tó lò lọ́dọ̀ wa. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó náà níkùn, àtúmọ̀ tó bá wù ú ló máa ń fà yọ níbẹ̀. Bí àlejò bá wọlé tó béèrè onílé, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú lórí àga, á ní, “Èmi ni adelé. Kí lẹ fẹ́?” Bí gọ́tà bá dí tí òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé, á sọ ara rẹ̀ di kékeré kíákíá: “Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ́lé lásán ni mí. Ẹnu ọ̀nà ni tèmi.” Síbẹ̀, géètì tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà, Tíṣà, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé nísàlẹ̀, ló ń tì í ní alaalẹ́.

Balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ewédò ti hù sílẹ̀ ibẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìyá Onílé sọ fún un, ó ní òun máa rí sí i. Wọ́n tún sọ, ó ní òun ti rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbọ́ ohun kan tó dún gbì, a sì gbọ́ ohùn màmá tó ń pe Ọlọ́run wọ́ọ́rọ́wọ́. Àǹtí Aránṣọ sáré bọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Ó bá màmá nílẹ̀, apá kan wà lábẹ́ wọn, omi sì ń ṣàn lórí ẹsẹ̀ wọn.

“Bùrọ̀dá, ẹ wá bá mi gbé wọn.”

Kíátékà dìde lórí àga rẹ̀ níwájú ilé. Ó dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó wo ilẹ̀ tútù, ó wo sálúbàtà rẹ̀. “Obìnrin ló wà níbẹ̀,” ló wí. “Kò yẹ kí n wọlé.” Ó padà. Àǹtí Aránṣọ fi aṣọ bo màmá, òun àti Tíṣà ló gbé wọn jáde.

Itan ò kán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ọrùn ọwọ́ kán. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, wọn ò lè wẹ̀, wọn ò lè ró ìró fúnra wọn. Àǹtí Aránṣọ lọ bá kíátékà.

“Ta ni yóò máa tọ́jú màmá?”

“Ilé ni wọ́n ní kí n tọ́jú,” ó dá a lóhùn. “Wọn ò dárúkọ èèyàn sí i. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì.”

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ìwà ọ̀lẹ, ó lọ yá ìwé atúmọ̀ èdè òyìnbó lọ́wọ́ Tíṣà. Ó dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìgò sójú, ó ka ìlà àkọ́kọ́ sókè: ẹni tó ń bójú tó ilé tàbí ilẹ̀. Ó pa ìwé dé.

“Ẹ ka èyí tó tẹ̀ lé e,” ni Tíṣà wí.

“Èyí tó kàn mí ni mo kà.”

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tàbí aláìlera. Tíṣà ka ìyẹn fún wa lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ ti dún kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Aránṣọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, tó ń fi ẹnu bú kíátékà, tó ń fi ọwọ́ wẹ màmá.

Nígbà tó yá, àkọ́bí màmá, obìnrin, dé láti òkè òkun. Ó pe gbogbo wa jọ sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kíátékà ti wọ kóòtù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó ńláńlá nípa ohun tí wọ́n gbà fún un láti ṣe àti ohun tí wọn ò gbà. Ọmọbìnrin náà, tó ń bọ̀wọ̀ fún un torí pé ẹ̀gbọ́n ni, kàn ń mirí. Ìyá Onílé ló gbé ọwọ́ tó dáa sókè.

“Ọkọ mi ló kọ́ ilé yìí, èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ wo lo ń ṣe nínú rẹ̀?”

“Kíátékà ni mí, màmá.”

“Mi ò gbọ́ ìyẹn. Sọ ọ́ bí ìyá rẹ ṣe máa gbọ́ ọ.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Adelé ni.”

“Níbo ni mo lọ tí o fi ń delé dè mí?”

Ẹ̀rín náà lọ. “Ó tún túmọ̀ sí aṣọ́lé.”

“Ta ló ń ti géètì?”

Tíṣà wúkọ́. Kíátékà nu iwájú orí rẹ̀. “Alámòójútó,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀.

“Ojú tí o mú tó gbogbo ilé, ṣé kò tó balùwẹ̀ ni?”

Ó ṣẹ́ ku ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Ó wo ọwọ́ màmá nínú báńdéèjì, ó wo Àǹtí Aránṣọ tó jókòó tì wọ́n, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọmọ màmá ò bú u. Ó kàn ní kó wá ibòmíràn gbé kí oṣù tó parí. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bá a bẹ̀bẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ojú tì í, kò mọ irú ojú tó wà lórí ọkùnrin náà. Àdúgbò kejì ló kó lọ. Alága ẹgbẹ́ ayálégbé ibẹ̀ ti kó kúrò, wọ́n ń wá ẹni tó máa fìdí hẹ síbẹ̀ títí wọn ó fi dìbò. Ó sọ fún wọn pé òun ti ṣe kíátékà rí, wọ́n sì gbà, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni òyìnbó ń lò fún alága fìdíhẹ. Ìbò ò tíì wáyé di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ìdí tó ní òun fi hẹ ti ta gbòǹgbò.

Àǹtí Aránṣọ pàdé rẹ̀ lójú títì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin náà kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó béèrè màmá. “Ṣé wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa ṣá?” ló wí, bí ẹni pé ọwọ́ òun náà wà níbẹ̀. Àǹtí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.