Ẹ̀gbà Idẹ Ọwọ́ Ìyá

Ẹ̀gbà idẹ ọwọ́ ìyá mi ló máa ń jí wa lábúlé wa, lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá ń yan gààrí, á máa kan etí agbada, gbin, gbin. Ọ̀ṣunrẹ̀mí lorúkọ wọn, Ọ̀ṣun ni wọ́n sì ń bọ. Nílé wa, ẹ̀gbà yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ alààyè. Ọjọ́ tí ìyá bá kú lọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ́ ọ, á sì fi í sọ́wọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí a kì í gbé e sílẹ̀.

Ẹnu Ìyá mú! "Ifáníkẹ́, ṣé oko lo wá ro, àbí ẹyẹ lo wá kà?" Àárò èébú yẹn ń sọ mí o.

Lọ́dún kan, ọkọ́ ṣá wọn lẹ́sẹ̀. Egbò náà kẹ̀, àìsàn bá wọnú ẹ̀jẹ̀. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta, ní yàrá àwọn tí ara wọn ò yá rárá. Nọ́ọ̀sì di aṣọ kan mọ́ wọn lápá, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fún un, ó sì ń sọ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn dára. Inú mi dùn. Dókítà Haleemah ò bá mi yọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ apá yìí máa ń tan èèyàn bí àìsàn bá ti le tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká ki abẹ́rẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ wọn, ká lè máa rí ìfúnpá wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà yìí gbọ́dọ̀ kúrò."

"Ọwọ́ kejì ńkọ́?"

"Àpá ti bò ó."

Òótọ́ ni, epo gbígbóná ló jó o nígbà tí mo ṣì kéré. Inú bí mi. "Ṣé kí n wá sin ìyá mi láàyè ni?"

"Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi àmù. Háà, Ìyá mi! Mo fi ọṣẹ bọ́ ẹ̀gbà náà tẹkúntẹkún, mo fi í sọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rọ apá ṣì ń sọ pé kò séwu. Abẹ́rẹ́ ní ìfúnpá ti já wálẹ̀ pátápátá. Dókítà yí oògùn padà kíá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

Ìgbà tí Ìyá lajú, ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

"Ifáníkẹ́, ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Kí wá ni ẹ̀gbà mi ń ṣe lọ́wọ́ ẹ? Mú un wá jàre, olójúkòkòrò!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ ni mo dá a padà sọ́wọ́ wọn, a sì tún jọ yan gààrí fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Nígbà kejì tí mo bọ́ ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ wọn, mo dúró díẹ̀ kí wọ́n bú mi. Ìyá ò bú mi.