Ayọ̀ Bàbá Ará Ṣáínà

"Ṣé ẹ ti jẹun?" Bí bàbá ará Ṣáínà tó múlé tì wá ní Ìgbògbò ṣe máa ń kí gbogbo èèyàn nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ kan tí a jọ ń wo ìkùukùu lórí ọ̀sà ní Èbúté, mo bi wọ́n nídìí rẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá ti yó ti láyọ̀. Nígbà tó yá, ayọ̀ di ilé ńlá. Mo wá ṣiṣẹ́ níbí kí n lè rówó kọ́ ọ fún ọmọbìnrin mi. Kò fẹ́ ẹ. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń gbin òdòdó lábúlé wa ní Ṣáínà. Ó ní ayọ̀ òun ni kí n wá jókòó ti òun."

"Kí lẹ wá sọ, sà?"

"Mo bínú. Mi ò jókòó ti ẹnikẹ́ni rí."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sí Ṣáínà. Fọ́tò tí ọmọ wọn yà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: bàbá ń sùn fọnfọn láàárín òdòdó, lọ́sàn-án gangan.