Makaroni Tútù fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Fíríìjì ni mò ń tà l'Ọjà Àlàbá, ṣùgbọ́n tèmi tó wà nílé n'Ìbà, àpótí aṣọ ni. Iná kì í sí, kí ni kó fi máa tutù? Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọbìnrin tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́ sọ pé oúnjẹ tútù lòun máa fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi lálejò.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ tó fi kú lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àgbà ilé wa. Bí wọ́n bá ní ìyàwó kan ò wọlé, kò wọlé nìyẹn. Wọ́n ti lé ọ̀kan lọ rí torí pé ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí ìdúró. Èyí wá ni ọmọ mi fẹ́ràn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lórí fóònù bíi wèrè.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, nítòsí àwọn ará Mẹ́síkò.

"Ata wà níbẹ̀ dáadáa mà, ẹ má mikàn," ló sọ fún mi.

Ta ni ò ní mikàn? Ó se makaroni tán, ó da omi tútù lé e lórí, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìrẹsì. Mo pariwo. Ó da ẹ̀wà sísè àti àgbàdo sí i, ó gé tàtàṣé àti àlùbọ́sà sí i ní tútù, ó rẹ́ ata rodo, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ó wá bu ìyẹ̀fun èròjà ọbẹ̀ àwọn ará Mẹ́síkò kan láti inú ìgò tó gbé bọ̀. Òórùn ẹ̀ bí abíyá alábàárù tó ti ń gbé tẹlifíṣàn láti àárọ̀! Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Ọmọ mi tó lọ ra yìnyín l'Okokomaiko ò tètè dé. Nígbà tó dé, a fi abọ́ náà sínú kúlà, mo sì ń ṣí i wò ṣáá, bí ẹni pé ó máa sálọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ síwájú wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n yọwọ́ kíá.

"Ṣé èyí tó ṣẹ́kù lánàá lẹ fi ń kí mi káàbọ̀? Gbé e lọ sórí iná."

Mo ti di abọ́ mú. Àfi bí ọmọ náà ṣe di etí kejì mú.

"Ẹ má bínú mà. Tó bá gbóná, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo fà, ó fà. Lójú ẹ̀gbọ́n mi! Mo ṣẹ́jú sí i pé kó fi sílẹ̀, ó kàn ń wò mí.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé e sílẹ̀."

Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n fajú ro bí ẹni fẹ́ mu àgbo. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún bù. Òógùn yọ nímú wọn.

"Ó tutù, ó tún ń ta. Irú ìjàngbọ̀n wo rèé?"

"Sàláàdì ni mà."

"Irọ́ ni. Mo mọ sàláàdì." Wọ́n ṣì ń jẹ. "Ọmọ yìí láyà o. Ìyàwó, dìde nílẹ̀, wá jókòó tì mí. Ilé wo ni wọ́n ti bí bàbá ẹ l'Ọ̀yọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi kì í bèèrè ilé bàbá ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé. Ọmọ mi ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ní kó dọ̀bálẹ̀. Èmi náà wá àga, mo jókòó, mo ní kí wọ́n bù díẹ̀ fún mi.

"Lọ se tìẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.