Ọdún Mẹ́wàá Tí Mo Yọ Kúrò

Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Ọmọ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, láti ọ̀kan nínú àwọn ìlú òkè Ọ̀yọ́. Bàbá bàbá mi ni ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní agboolé wa, ìyá mi sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, n kò sì fi ojú rere wo ọmọ tí ó bá purọ́ rí.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ọkọ mi kú, tí ó fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń wá kò gba ẹni tí ó bá ti kọjá ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ akọ̀wé ilé-ẹjọ́, gbé ìwé ìbúra ọjọ́-orí síwájú mi.

Ó ní, “Kọ mọ́kànlélógún. Ta ni yóò lọ bi ìyá wa?”

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́-orí iṣẹ́ ni a ń pè é. Èmi ni mo di gègé mú.

Lẹ́yìn ọdún kan tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọ mi, tí ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún méjìlá, fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ sí mi kí n wá rí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. N kò tíì fi ojú kàn wọ́n rí. Mo ra kóòtù kan ní Dùgbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò mi ní Bódìjà, wò ó títí.

“Ìyá Olùkọ́, kóòtù yìí mà ga jù yín lọ! Wọn á rò pé kóòtù ló ń dá rìn bọ̀.”

“Jẹ́ kí ó máa rìn. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni ó ń lọ.”

Ní pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń yẹ ìwé wò gba ìwé ìrìnnà mi. Ó ka lẹ́tà ọmọ mi, èyí tí ọmọ náà ti fara balẹ̀ kọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ sí. Ó kọ ọdún kan sórí ìwé, ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

“Ìyá, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yín nígbà tí ẹ bí ọkùnrin yìí?”

Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Èmi tí mo kọ́ àìmọye ọmọ ní ìyọkúrò, n kò fi ìgbà kan yọ ọdún ìbí tí mo búra lé lórí kúrò nínú ọdún tí mo bí ọmọ mi. Mo ní ọmọ mi ni, pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí.

Wọ́n pe ọmọ mi wọlé, wọ́n bi í lọ́tọ̀. Òun tí mo fi ẹgba kọ́ ní òtítọ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Màámi pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ní oṣù Kẹta.”

Ó parí. Wọ́n ní bóyá n kì í ṣe ìyá rẹ̀, bóyá ìwé mi ni kì í ṣe òótọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni yóò gbé mi padà.

Wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ọmọ mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà sáré lọ bá a, ó rò pé ó dákú ni.

Mo sọ fún un pé, “Ìyá rẹ̀ ni ó ń kí.”

Ọmọ mi dìde. “Ṣé ẹ̀yin náà nìyí, Màámi? Ẹ̀yin tí ẹ nà mí lẹ́gba mẹ́fà torí mo ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ̀pà?”

“Dákẹ́. Kí n lè rán ọ lọ sí ilé-ìwé ni mo fi búra bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi àwòrán àwọn ọmọ náà hàn mí. “Ẹ lọ tún un búra nílé. Ẹ kọ òtítọ́, kí ẹ padà wá. Wọ́n ń retí yín.”

Mo ní ó dára.

Ṣùgbọ́n bí mo bá búra òtítọ́, mo ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ayé pé mo fi ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn àkókò ìfẹ̀yìntì jókòó sórí àga tí kì í ṣe tèmi mọ́, nígbà tí àwọn àbúrò wà lẹ́yìn mi tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ náà. Agbẹjọ́rò kan ní Ring Road ti tẹ ìwé ìbúra tuntun náà fún mi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn; ìfọwọ́sí mi nìkan ni ó kù. Mo ti gbé e jáde lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti dá a padà sínú àpótí. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọmọ mi rí àyè wálé, kò sì bi mí léèrè ìwé náà nínú lẹ́tà mọ́. Mo rí ọmọ mi kẹ́yìn nínú yàrá yẹn, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, ọdún 1983.