Apá Ọ̀tún Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Jẹ́ Kí N Lò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde fi wà ní títì. Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín.

Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún mi ò gbéra mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, dókítà ní kí n tètè máa lọ sọ́dọ̀ físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá jí apá àti ẹsẹ̀ tó ti kú. Ta ló gbọ́ ìyẹn? Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ni pé kí n sinmi.

Àlàájà ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó kó wá láti Ìbẹ̀fún torí tèmi. Ohun kan sì wà tí kò lè gbà láéláé: kí Mùsùlùmí máa fọwọ́ òsì jẹun. Ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, òsì di èèwọ̀, kí ló wá kù? Òun ló ń bu òkèlè sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í mira díẹ̀díẹ̀, mo gbìyànjú láti bu ẹ̀bà fúnra mi, ó já bọ́ sí mi láṣọ. Àlàájà gba ọwọ́ mi kúrò nínú àwo. Ó ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Ṣé mo ti kú ni?"

Ìfẹ́ ni o! Mi ò lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Oṣù ń gorí oṣù. Apá náà ká kò mọ́ mi láyà, ìka di ìkúùkù. Ìgbà tí èjìká ń ro mí tí n kò lè sùn la tó lọ sọ́dọ̀ físíò.

Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó béèrè ẹni tó ń fún mi lóúnjẹ. Tayọ̀tayọ̀ ni Àlàájà fi dáhùn pé òun ni. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣeun mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dà á nù." Ó ṣàlàyé pé ọwọ́ tí a ò bá lò, ọpọlọ á gbàgbé rẹ̀, iṣan á sì sún kì. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ ló sì dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ó fi aṣọ di òsì mi mọ́ra, ó gbé ṣíbí lé mi lọ́tùn-ún. Mo sunkún. Àlàájà jáde síta, kò lè wò mí.

Láti ìgbà náà, mo ti ń gbé ṣíbí dẹ́nu, mo ti ń de bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ṣíbí ránṣọ? Mo gbé àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè ṣí i. Mo bi físíò bóyá màá lè ṣí i lọ́jọ́ kan. Ó ní ká máa gbìyànjú. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bí irú èyí bá ṣe ẹni yín, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ físíò. Ẹ jẹ́ kó da ọbẹ̀ sára, kó pẹ́ nídìí bọ́tìnnì. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí, ẹ kọ ọ́ síbí kí n kà á.

Àlàájà kì í lo fóònù, kò ní rí èyí. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá òun ló ba apá mi jẹ́. Mo máa ń sọ pé Ọlọ́hun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ fún un?