Ẹsẹ̀ Tí Ó Kọ́ Yàrá Ìyá Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ń wẹ ọmọ ọwọ́ mi lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Òkè Padre, ni mo bá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ láti pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ wa: gbì, gbì, gbì, gbì. Dírílì ni. Tíṣà ń ké "Wáàn! Tú!" bí ẹni tí iná ń jó aṣọ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀, ojú wọn le koko bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àgbo mì. Ọmọbìnrin mi àgbà wà láàárín wọn. Nígbà tó délé lọ́sàn-án, ó ju síléètì rẹ̀ sórí ẹní, ó ní, "Ìyá mi, wọ́n ní torí kí ara wa lè le ni. Ara tèmi ti le. Ṣé kí n má lọ mọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn mi fi jí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló pa mí lẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni ìró ẹsẹ̀ yẹn ti gbé mi lọ sí agbo ilé bàbá mi ní Bẹyẹrúnkà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò ka wáàn, tí kò ka tú, tó sì sọ ẹsẹ̀ mi di ẹsẹ̀. Torí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kórìíra dírílì, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí.

Nígbà tí mò ń wí yìí, kò tíì sí ilé ńlá kankan lórí Òkè Màpó. Àpáta ló wà níbẹ̀, àti koríko, àti àwọn ewúrẹ́ tí ń wo gbogbo Ìbàdàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. Òyìnbó àjẹ́lẹ̀ ti dé, ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, koríko bẹẹrẹ ṣì ni òrùlé, amọ̀ pupa sì ni ògiri. Agbo ilé náà yí àgbàlá kan ká. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ ó bá wọlé, ẹ ó sì rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn lọ rẹrẹ, ilẹ̀kùn yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, àgùtàn tí wọ́n so mọ́ òpó, ìkòkò omi tó ń làágùn lábẹ́ òjìji. Tí ẹnì kan bá sín ní ìpẹ̀kun kan, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ni yóò kí i láti ìpẹ̀kun kejì.

Ní òjò ọdún kan ni yàrá ìyá mi wó. Òjò náà rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, ògiri ẹ̀yìn rọra sùn sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀, àwọn ìkòkò ìyá mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. A kó ẹní wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyáálé ìyá mi, ibẹ̀ la sì ń gbé, àwa àti àgùtàn. Bàbá mi ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun ó bẹ ọ̀wẹ̀, gbogbo agbo ilé yóò sì bá wa gbé yàrá náà dìde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Nílé wa, ọkùnrin ní ń gbẹ́ amọ̀, ọkùnrin ní ń mọ ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ní ń pọn omi, àwọn náà ní ń tẹ amọ̀. Wọ́n á di ara wọn léjìká mú, wọ́n á ṣe agbo nínú kòtò, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orin títí amọ̀ yóò fi kúnná. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tí a fẹ́ kọ́ yàrá fún, ọmọ inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ kòtò, kò sì ní jáde títí amọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi ṣeé mọ. Tí kò bá rí ọmọ kankan mú wá, wọ́n á ṣì kọ́ yàrá fún un, wọn ò ní lé e síta. Ṣùgbọ́n títí láé, bí ìjà kékeré bá ti bẹ́ sílẹ̀ nídìí àdògán tí wọ́n ti ń dáná, wọ́n á rán an létí pé òógùn ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń bo orí. Ìyá mi ò sì ní ọmọ méjì. Èmi nìkan ni.

Èmi náà, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ni mo ní. Sobìà ti mú mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún láti ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ sobìà, kó dúpẹ́: aràn gígùn bí òwú ni, tí wọ́n ń fi igi tín-ín-rín ká jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú. Nígbà tó jáde tán, orúnkún mi ti ká, iṣan ẹsẹ̀ náà ti gbẹ. Mo wá mọ ìjókòó ṣe ju ìyá arúgbó lọ. Tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá lọ sódò, èmi ni mò ń ṣọ́ aṣọ tí wọ́n sá. Sàláwà, ọmọ ìyáálé ìyá mi, ló sọ mí ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹ̀fọn, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ àwọn ọmọdé lẹ́nu ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan ń gbé ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ti ru ẹrù àwọn oníṣòwò láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú, ó sì tún ru òmíràn padà. Apá rẹ̀ nípọn bí ọmọ odó. Ìyá Òkè la ń pè é, torí kò sí àárọ̀ tí kì í gun Màpó kó tó mu ẹ̀kọ. Ní ọjọ́ tó bá ìyá mi níbi tó ti ń sunkún sídìí àwókù yàrá rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, dákẹ́. Oṣù mẹ́ta ṣì wà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Yọ̀ǹda ọmọ yìí fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ náà ni mo ní kí o yọ̀ǹda. Ìyókù ara rẹ̀ lè jókòó tì ọ́."

Mo rò pé ìyà ló ń bọ̀. Mo rò pé yóò mú èmi nìkan sẹ́yìn ilé, yóò máa fa ẹsẹ̀ mi. Rárá o. Gbogbo ọmọbìnrin agbo ilé ló kó jọ, àwa mẹ́sàn-án, ó ní a fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn Màpó. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo jù ni yóò ṣáájú, ẹnikẹ́ni tó bá sì ré e kọjá yóò padà sí ìsàlẹ̀ òkè. Ni wọ́n bá tì mí síwájú. Sàláwà ní, "Ìyá, tá a bá ń tẹ̀lé eléyìí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lọ́nà." Ìyá Òkè ní, "Kọrin fún un, kó lè yá." Ọ̀rọ̀ wá di pé ẹni tó bá fẹ́ délé kíá gbọ́dọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan ń tì mí nídìí, ọ̀kan ń pa irọ́ fún mi pé ejò wà lẹ́yìn. Ìjáfara mi di iṣẹ́ gbogbo wọn.

Kì í jẹ́ kí ọjọ́ méjì jọra. Lónìí, a ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ìdí odó dé ìdí ìkòkò aró, ẹni tó bá sì kẹ́yìn yóò ké bí àgùtàn títí àgùtàn gidi yóò fi dá a lóhùn. Lọ́la, ọmọ odó mẹ́ta nínú odó kan, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì yóò fi ìdí jókòó, yóò máa pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀tunla, a ó di ara wa mú nínú iyanrìn, a ó máa jìjàkadì. Sàláwà dá mi títí mo fi mọ adùn iyanrìn náà, kí n tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá mú lọ́jọ́ kan. Tí a bá lọ sódò, ó fi ẹfun fa ìlà sára ìkòkò mi, ibẹ̀ ni omi mi mọ; ní ọrọọrún, ìlà á gòkè ní ìbú ìka kan. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kò sí eré. Òrí ló máa ń yọ́ lọ́jọ́ náà, a ó tò jókòó, a ó máa ra ara wa lẹ́sẹ̀, kódà àwọn tí nǹkan ò ṣe lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì fa ojú ro nídìí eré, kò ní nà án. Á ní, "Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn, kó o bínú dáadáa. Tó o bá ti parí, kó o padà wá." Kò sẹ́ni tó ń bínú pẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, àwa nìkan kọ́ là ń gun òkè mọ́. Ìyá mi ti dara pọ̀. Ahunṣọ kan nínú agbo ilé, tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí ìjókòó, ti ń tẹ̀lé wa pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹlẹ́kọ tilẹ̀ ti gbé igbá rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ Màpó, ó ń dúró dè wá. Orúnkún mi ti nà, mo sì ti ń pọn omi dé ọrùn ìkòkò. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín: mo ṣì ń tiro. Títí di òní, gbì-kẹ́, gbì-kẹ́ ni ẹsẹ̀ mi ń dún.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Ọyẹ́ mú, èéfín ń rú lẹ́nu wa. Ìtara ti mú kí bàbá mi ní kí wọ́n lọ gbẹ́ amọ̀ létí odò, kí wọ́n rù ú wá sí kòtò inú àgbàlá, torí amọ̀ ibẹ̀ pupa ó sì dán, kò sì rò ó pé irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ bí oje. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ kòtò, ìyá mi dúró létí rẹ̀, ó di aṣọ àyà rẹ̀ mú. Orin bẹ̀rẹ̀, a ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà. Mo gbé òsì, amọ̀ mú ọ̀tún. Mo fa ọ̀tún, amọ̀ mú òsì. Mo ṣubú. Bí a sì ti di ara wa léjìká mú, mo kó gbogbo wọn lulẹ̀, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, ojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Gbogbo àgbàlá hó fún ẹ̀rín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyáálé rẹ̀ ní, "Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde níbẹ̀ kó tó rì. Sàláwà á tẹ̀ ẹ́ fún wọn." Mo rí i tí ojú ìyá mi wálẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá jáde nínú kòtò yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ni a ó máa gbọ́ nídìí àdògán títí.

Ìyá Òkè ò dìde níbi tó jókòó sí. Ó kàn bèèrè pé, "Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù nínú yín?"

Sàláwà nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Òun ni."

"Ta ló wá yẹ kó ṣáájú?"

A dìde. Mo mú ẹsẹ̀ tèmi lò, bí mo ṣe ń lò ó lórí òkè: òsì wúwo, ọ̀tún kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ ni. Gbì-kẹ́, gbì-kẹ́. Sàláwà bá bẹ̀rẹ̀ sí sín mi jẹ, ó ń ju ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yí ojú, àwọn ìyókù náà bá gbà á. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀fẹ̀ náà, amọ̀ ò rí ẹsẹ̀ méjèèjì mú mọ́. Bó bá mú èyí tó wúwo, èyí tó fúyẹ́ ti yọ, ó ti fà á jáde. Sàláwà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ṣíwọ́ ojú yíyí, ó pariwo, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ó ń yọ o! Ẹ ṣe é bíi tiẹ̀!" Òun náà ló dá orin tuntun:

Wúwo kan, fúyẹ́ kan,
yàrá ìyá wa ń dìde.

Ìyá wa, ló wí. Mo gbọ́ ọ, ìyá mi náà sì gbọ́ ọ, torí ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó sì bọ́ sínú kòtò pẹ̀lú wa. A tẹ amọ̀ yẹn títí ó fi kúnná bí iyán.

Ìyá Òkè ti lọ báyìí. Ó ti orí òkè dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Lónìí, ilé ńlá olópòó wà lórí Màpó, àwọn tó ń gùn ún mú ìwé lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń kọrin fún ẹnì kejì. Birikilà ni wọ́n ń bẹ̀ kọ́lé. Yàrá ìyá mi ti di onípáànù, ṣùgbọ́n ògiri náà ló ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà ṣe dírílì nílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tí mo lọ, oòrùn nìkan ni mo rántí nínú rẹ̀. Sàláwà sì ń ta àdìrẹ l'Ọ́jà'ba, bó bá rí mi lókèèrè, á ké "Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹ̀fọn!" lójú àwọn oníbàárà, á sì wá gba ọmọ lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí Bẹyẹrúnkà. Àwọn ọmọdé ń ṣeré ní àgbàlá, wọ́n di ara wọn léjìká mú, kò sí kòtò, kò sí amọ̀, eruku lásán ni. Wúwo kan, fúyẹ́ kan. Gbogbo wọn ló ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro. Ọmọ mi tó ní ara òun ti le bọ́ sáàárín wọn, òun náà sì ń tiro, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi ọmọ kékeré tí Sàláwà bí, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, Ìyá. Tẹ́ ẹ bá fi méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bákan náà, kì í dùn."

Mo gbé ọmọ ọwọ́ fún ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo tún aṣọ ìdí mi ró, mo rìn lọ bá wọn. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìrìn mi, gbì-kẹ́, gbì-kẹ́, ó sì na ọwọ́ sí mi.

"Ẹsẹ̀ yín ló wúwo jù," ó ní. "Ẹ wá síwájú."